Àjọkẹ́

Tí òjò bá ti ṣú, mo máa ń jáde lọ fa tapólì bo Àjọkẹ́. Ó ti di bárakú fún mi. Ibi yòówù kí n wà nínú ilé, tí mo bá ti gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń lu fèrèsé, ẹsẹ̀ mi ti ń wá bàtà. Àjọkẹ́ ni ọkọ̀ mi: ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì kékeré kan, aláwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó, ẹni méjì péré ló ń gbà, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe é kí wọ́n tó bí mi. Orúkọ tí àwọn tó ṣe é fún un wà lára irin pẹlẹbẹ kan níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í fi pè é. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ ní Àjọkẹ́ lẹ́yìn ọdún kan tí mo rà á, nígbà tó kà á tán pé ọwọ́ márùn-ún ló ti kẹ́ ẹ láàárín oṣù mẹ́ta: ọwọ́ mi, ọwọ́ bàbá ìsàlẹ̀ òpópónà wa, ọwọ́ ọmọkùnrin tó ń ta sípéà páàtì, ọwọ́ jórinjórin tó jó abẹ́ rẹ̀, àti ọwọ́ rèwáyà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń gbé ní ìlú Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ó ní ẹni tí gbogbo ayé jọ ń kẹ́, orúkọ wo ni à bá tún fún un?

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbi iṣẹ́ mi bi mí pé kí ló dé tí mo ń náwó sórí ọkọ̀ tí kò ṣeé fọkàn tán. Kò fi bú mi. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó ti gbọ́ pé irú àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, MG, Triumph, Austin-Healey, Jaguar, Lotus, wọ́n máa ń jo ọ́ìlì sílẹ̀, iná wọn máa ń kú lóru, omi wọn máa ń hó nínú gòsílóò, òjò sì ń bá awakọ̀ jókòó. Mo sọ fún un pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Àsìkò ìsinmi ọ̀sán kò tó fún ìyókù ìdáhùn, ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí.

Bàbá mi ní Morris Minor kan ní Ìbàdàn nígbà tí mo wà ní kékeré. Tíṣà ni wọ́n, ọkọ̀ tíṣà sì ni Morris Minor láyé ìgbà yẹn. Bí Sátidé kan bá ti jáde lóṣù, a óò gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá. Ọkùnrin náà á ṣí ìdérí dúdú kan lára ẹ́ńjìnnì, èyí tí wáyà márùn-ún jáde lórí rẹ̀ bí ìrù. Irin kékeré méjì wà nínú ibẹ̀ tí wọ́n ń pàdé, tí wọ́n sì ń yà, tí iná fi ń rí ọ̀nà lọ sí plọ́ọ̀gì. Kọ́ńtáàkì ni wọ́n ń pè wọ́n. Á ya etí páálí ìṣáná, á kì í bọ àárín irin méjèèjì, á wá rọra máa fà á jáde. Tí páálí bá há díẹ̀ kó tó bọ́, ó ti tó nìyẹn. Tí kò bá há, á mú sukudiráfà, á tún un gbé. Mo máa ń na ọrùn kí n lè rí i. Bàbá mi á ní kí n kúrò ńbẹ̀ kí n má dọ̀tí aṣọ. Mẹkáníìkì á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ọ̀gá. Ojú la fi ń kọ́ṣẹ́."

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni mo tó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì Morris Minor àti ti ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì kan tí àwọn òyìnbó ń gbé sórí bí ọba, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1958 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú Austin-Healey Sprite ní Monaco. Ohun tí Donald Healey, tí ọkọ̀ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àtàwọn ènìyàn rẹ̀ fẹ́ ni ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tí ọ̀dọ́ tó ń gba owó oṣù kékeré lè rà, owó rẹ̀ kò sì tó £700 pẹ̀lú owó ìjọba lórí rẹ̀. Wọn kò ṣe ẹ́ńjìnnì tuntun fún un. Ẹ́ńjìnnì 948 cc tó wà nínú Austin A35 àti Morris Minor 1000 ni wọ́n gbé sí i, wọ́n wá fún un ní kàbúrétọ̀ méjì. Ohun tó ń yí táyà rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá yí ìdarí, ti Morris Minor ni. Kò sí ọwọ́ ìlẹ̀kùn níta rẹ̀. Kò sí ìdérí búùtù. Ẹni tó bá fẹ́ yọ àpótí rẹ̀ á ṣí ẹ̀yìn ìjókòó, á sì na apá wọ inú òkùnkùn. Wọ́n ti ní in lọ́kàn pé kí iná iwájú rẹ̀ máa sùn lọ́sàn-án, kó máa dìde lálẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn á gbówó lé e, ni wọ́n bá gbé iná méjèèjì dúró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Ó wá yọ ojú ràǹdàn bí ọ̀pọ̀lọ́. Ojú Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n sì ń pè é níbí dòní.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀kan, mo rí ìdérí dúdú yẹn pẹ̀lú wáyà márùn-ún. Ó jọ pé mo pàdé ará ilé lójà Lọ́ńdọ̀nù.

Ọdún 1998 ni mo ra Àjọkẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi dá mi dúró lójú ọ̀nà. Oṣù Kọkànlá ni, lálẹ́, òjò ń rọ̀ wẹliwẹli, mo ń bọ̀ láti Oxford, kò ju máìlì kan lọ tó kù kí n délé ní Abingdon. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ń yí ṣáá ni, kò gbiná. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi ń ṣàn wọ̀ mí lọ́rùn, gbogbo ohun tí ojú mi rí ní Mọ́kọ́lá ti fò lọ pátápátá.

Bàbá òyìnbó kan tó ń mú ajá rẹ̀ najú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò bi mí pé kí ló ṣe é. Ó ní kí n wọlé padà, kí n yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí, kí n sì dákẹ́. A jọ dákẹ́, títí kan ajá.

"Kí lo gbọ́?"

Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ó yẹ kó o gbọ́ nǹkan."

Ó gbé okùn ajá lé mi lọ́wọ́, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síbi táyà ọ̀tún, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó sì fi gìgísẹ̀ bàtà náà gbá ohun kan lábẹ́ ibẹ̀, gbá, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ohun náà bá dáhùn: ká-ká-ká-ká-ká, kíákíá, bí ẹni ń ka ẹyọ owó. Lẹ́yìn náà ó falẹ̀: ká, ká, ká. Ó ku ẹyọ kan. Ó dákẹ́.

"Ó ti yó," ó ní. "Yí i wàyí."

Mo yí i. Ó gbiná.

Páǹpù epo ni. Iná ló ń lò, òun náà sì ní kọ́ńtáàkì tirẹ̀ nínú, bíi ti ìdérí dúdú ọjọ́sí. Tí àgọ́ epo inú kàbúrétọ̀ bá ṣófo, páǹpù á máa sáré. Bí epo ṣe ń kún, á máa falẹ̀. Tí ó bá kún tán, á dúró. Ẹni tó bá mọ etí gbọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un bóyá epo ń lọ tàbí kò lọ. Kọ́ńtáàkì yẹn ti dì mọ́ra nítorí ogbó àti ọ̀rinrin, èmi tí mo rà á kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n máa tọ́jú rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e bàbá náà wá sílé wa pẹ̀lú ìrépé sáńpépà tó tẹ́ẹ́rẹ́, a tú páǹpù náà sórí tábìlì ìdáná lórí ìwé ìròyìn, ó fi sáńpépà ra irin méjèèjì títí wọ́n fi ń dán. Ìgbà tó gbé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sáàárín wọn tó ń rọra fà á jáde, ara mi bù máṣọ. Mo sọ fún un pé páálí ìṣáná ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wa. Ó wò mí, ó ní páálí ìṣáná dáa, bàbá òun náà lò ó.

Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi pé kí n máa fi pe òun. Ẹnu mi kò gbà á. Ẹni tó tó bí mi. Mo ní Bàbá ni màá máa pè é, mo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ó ronú sí i díẹ̀, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún 15 ni Bàbá nígbà tó wọ ilé iṣẹ́ MG ní Abingdon. Bó ṣe ń sọ ìtàn ibẹ̀ fún mi láàárín ọdún tí a fi jọ ń tún Àjọkẹ́ ṣe ni mo fi mọ ohun tí n kò lè rò tẹ́lẹ̀. MG bẹ̀rẹ̀ ní Oxford lábẹ́ William Morris; lẹ́tà méjèèjì yẹn, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀ rẹ̀ ni, Morris Garages, Cecil Kimber tó jẹ́ máníjà ibẹ̀ ló sì sọ ọ́ di ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì. Ní 1929 wọ́n kó wá sí Abingdon, sínú apá kan ilé iṣẹ́ aláwọ tí wọ́n ń pè ní Pavlova. Mo ti rò pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ tó kún ayé báyẹn á ní ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ rìn láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Kò sí. Wọ́n ń fi ọwọ́ tì í ni. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ tirẹ̀ lára ọkọ̀ á tì í síwájú fún ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí dé ọjọ́ tí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí dáadáa: MGB nìkan, láti 1962 sí 1980, ó lé ní 500,000. Ọwọ́ ni wọ́n fi ti gbogbo wọn.

Ogun ló gbé orúkọ wọn dé Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ gbèsè lẹ́yìn 1945, ìjọba sì ń fún àwọn tó bá lè tajà sókè òkun ní irin ṣáájú àwọn yòókù. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà níbí ti rí MG, wọ́n ti wà á lójú ọ̀nà tóóró àárín oko, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní TC, láti 1945 sí 1949, bíi 10,000 ni wọ́n ṣe, nǹkan bíi 2,000 nínú rẹ̀ sì lọ sí Amẹ́ríkà, tòun ti ìdarí lápá ọ̀tún, nítorí wọn kò ṣe ti apá òsì rárá. Àwọn ará ibẹ̀ sì rà á bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni Amẹ́ríkà ti di oníbàárà ńlá, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló ń darí ohun tí wọ́n ń ṣe ní Abingdon: nígbà tí òfin Amẹ́ríkà lórí bọ́ńpà yí padà, MGB bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ńpà rọ́bà dúdú ní 1974, wọ́n sì gbé e ga sókè kúrò nílẹ̀. Bàbá kò fẹ́ràn rọ́bà yẹn. Èmi náà kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1979, ìlú Abingdon ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún MG láàárín wọn. Orin àjọ̀dún kò tíì tán lẹ́nu àwọn ènìyàn tí ìròyìn fi jáde pé wọ́n máa ti ilé iṣẹ́ náà. Àwọn tó ní ọkọ̀ náà wọ́de lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bẹ̀bẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1980, MGB tó kẹ́yìn kúrò níbẹ̀. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ oṣù yẹn. Tí mo bá bi í, á ní kí n bá òun gbé sípánà ìdajì íńṣì wá.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fò. Lucas ti Birmingham ló ń ṣe iná, dáínámò àti wáyà fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, àwọn awakọ̀ sì ti sọ Joseph Lucas tó dá a sílẹ̀ ní Ọmọ-Aládé Òkùnkùn. Wọ́n ní súìṣì rẹ̀ ní ibi mẹ́ta: bàìbàì, ṣẹ́jú-ṣẹ́jú, àti kú pátápátá. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sì rò pé ẹ̀gàn yẹn ti pọ̀ jù. Rèwáyà ọmọ Ìjẹ̀bú tí mo mẹ́nu bà yẹn, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde kó tó dé Reading, ó jókòó sínú òtútù ní gáréèjì mi, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì tọ wáyà kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹni tó to èyí mọ ohun tó ń ṣe. Wáyà aláwọ̀ ilẹ̀, láti bátìrì tààrà. Funfun, láti ibi kọ́kọ́rọ́. Àwọ̀ ewé, ohun tó ti gba fíúsì kọjá. Búlúù, iná ńlá iwájú. Pupa, iná kékeré àti ti ẹ̀yìn. Dúdú, ó ń lọ sára irin ọkọ̀, ilẹ̀ nìyẹn. Ó ní kò sí ìwé lọ́wọ́ òun, òun kò sì nílò rẹ̀, wáyà ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni ibi tí dúdú ti so mọ́ irin, nítorí ìpẹtà ti jẹ irin náà, iná kò rílẹ̀ bà. Ó fá ìpẹtà kúrò, ó dè é padà. Ó gba ogún ìṣẹ́jú. Iná ẹ̀yìn méjèèjì tàn, pupa rẹ̀ hàn lára ògiri gáréèjì, mo sì dúró mo ń wò ó bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìpẹtà kọ́ ló fà á. Ìtàn Triumph Stag ń dùn mí. Ọkọ̀ tó rẹwà ni, ẹni mẹ́rin ló ń gbà, Giovanni Michelotti ará Ítálì ló ya ara rẹ̀, ó sì jáde ní 1970 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì V8 tuntun, onísílíńdà mẹ́jọ, tí ìró rẹ̀ jinlẹ̀ bí ìyá ìlù. Páǹpù omi rẹ̀ wà lókè téńté ẹ́ńjìnnì, tí omi bá sì dín díẹ̀ péré, afẹ́fẹ́ ló ń rí fà. Aluminiọ́ọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì, irin ni ara rẹ̀, ooru kì í sì fẹ àwọn méjèèjì bákan náà. Iyanrìn tí wọ́n fi mọ ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n ń dà á máa ń ṣẹ́ kù sínú ọ̀nà omi, á sì lọ dí rédíétọ̀. Ní 1970 yìí, Rover wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú Triumph, ó sì ní V8 tó ti fìdí múlẹ̀ tí wọ́n lè lò. Wọn kò lò ó. Ní 1977 wọ́n dáwọ́ Stag dúró, kò tíì pé 26,000. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọ́n ti kó ilé iṣẹ́ ọkọ̀ rẹpẹtẹ jọ sábẹ́ British Leyland ní 1968, àwọn tó ń bára wọn figagbága lánàá wá di ará ilé kan lójijì, owó kò tó, ìyanṣẹ́lódì ń ṣẹlẹ̀, ní 1975 ìjọba fúnra rẹ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tó ráyè fẹ̀sọ̀ mú nǹkan kan. Inú mi kì í dùn tí ènìyàn bá fi Stag rẹ́rìn-ín lójú mi.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí Stag lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin ibi iṣẹ́ mi gbọ́. Àwọn tó rà á ni wọ́n kọ́ ìwà rẹ̀. Wọ́n fọ iyanrìn kúrò, wọ́n fi rédíétọ̀ tó tóbi sí i, wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ṣéènì inú rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ara wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló ṣì ń rìn lójú títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Ohun tí àwọn ọ̀gá kò rójú ṣe láàárín ọdún méje, àwọn ènìyàn ṣe é nínú gáréèjì ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú sípánà àti ife tíì.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti rí ọ̀nà àtiṣe irú ọkọ̀ yìí kó má bàjẹ́. Ní 1989 Mazda gbé MX-5 jáde ní Chicago: ẹni méjì, òrùlé aṣọ, ẹ́ńjìnnì níwájú, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Àwọn ará Japan ti yẹ Lotus Elan wò fínnífínní kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú ayọ̀ inú rẹ̀, wọ́n yọ ìpọ́njú kúrò. Ó ti lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n ti tà. Mo ti wà á, ó dùn púpọ̀, mo sì kí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ afẹ́fẹ́ lórí àti ọkàn balẹ̀, kó lọ ra tirẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Ọkọ̀ tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ kò dàgbà, kò jo ọ́ìlì rí. Ní oṣù Kejì tó kọjá, iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan tàn níwájú mi, ọkọ̀ náà sì kọ̀, kò lọ mọ́. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ike dúdú kan ló bo gbogbo rẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè gbá, kò sí ohun tí mo lè fetí sí. Wọ́n fi ọkọ̀ ńlá gbé e lọ. Ọ̀dọ́ kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó ní àpótí kan ti kú nínú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ṣe àpótí náà. Ó ní òun kò mọ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa láti ilé iṣẹ́, kò ṣeé ṣí. Ńṣe ni wọ́n máa ń sọ ọ́ nù. Ó gba ọjọ́ mẹ́rin àti owó tó tó owó oúnjẹ oṣù méjì. Ọ̀dọ́ náà ṣeun, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n mo ń wo àpótí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, bí bíríkì kékeré, dídán, kò ní ojú kan tí ènìyàn lè gbà wọ inú rẹ̀, mo sì rántí ọ̀gá mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá. Ojú kì í fi ike kọ́ṣẹ́.

Àìsàn Àjọkẹ́ kò ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Ó ń dá mi dúró, òótọ́ ni, ó sì ti jẹ́ kí n pẹ́ dé ìgbéyàwó àbúrò mi. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ṣe é tí n kò lè fojú rí, kí n fi ìka kàn, tàbí kí n fi etí gbọ́. Mo mọ ìró rẹ̀ tí òtútù bá mú un àti tí ara rẹ̀ bá móoru. Mo mọ̀ pé tó bá ń wúkọ́ nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lójijì, ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ orí kàbúrétọ̀ ti lọ sílẹ̀. Mo mọ òórùn rẹ̀. A máa ń sọ pé mọ̀wà fóníwà ni ọ̀rẹ́ jẹ́. N kò rí ohun mìíràn tí mo lè pe ohun tó wà láàárín èmi àti ọkọ̀ yìí.

N kò ní fi pamọ́ pé ó ní ewu. Tí ọkọ̀ ńlá bá kọlù ú, kò sí nǹkan tó máa gbà mí sílẹ̀. Èéfín rẹ̀ kò dára, ìdí nìyẹn tí n kì í fi wà á lójoojúmọ́. Ìjọba kì í gba owó títì lórí ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, láti 2018 sì ni wọn kò ti fi dandan lé e pé ká máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún. Mo ṣì ń gbé tèmi lọ. Bíréèkì kì í ṣe ohun tí ènìyàn máa fi ìfẹ́ bò mọ́lẹ̀. Láti 2021 ni epo tó ní ọtí púpọ̀ nínú, E10, ti gba ilé epo, ó sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́. E5 tó wọ́n ni mo ń rà fún un.

Bàbá kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ gbé agolo bisikíìtì kan wá sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ní orúkọ mi ni wọ́n kọ sí i lórí. Fílà-géèjì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ra tó ń ṣí bí abẹ̀bẹ̀, àti ìrépé sáńpépà kan. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára irin kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bó ṣe nípọn tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣú, ó ṣe kedere pé ọwọ́ kì í kàn wọ́n. Ẹyọ kan ló ń dán bí ojú dígí, tí nọ́ńbà ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán: 15. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì kan. Ìwọ̀n kọ́ńtáàkì nìyẹn. Ó ti fà á jáde láàárín irin méjì láìmọye ìgbà.

Ní Sátidé tó kọjá òjò dá díẹ̀, mo ká tapólì kúrò. Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, bá mi jáde. Ó ṣí ìdérí dúdú fúnra rẹ̀, ó mú irin tó ń dán, ó fi sáàárín, ó rọra fà á. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ dúró ná, ó ń há." Ó tún sukudiráfà yí díẹ̀, ó tún fà á. Ó dé ìdérí padà, ó wọlé sí ìjókòó awakọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, ó sì gbé ọwọ́ sókè kí n má mira.

Ká-ká-ká-ká-ká. Ká, ká. Ká.

"Ó ti yó," ó ní.